Ṣíṣètò Wi-Fi Lórí Ráútà Ilé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọ̀nà méjì ni íntánẹ́ẹ̀tì máa ń gbà kó tó dé ojú fóònù yín nínú ilé. Ọ̀nà kìíní wá láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà sínú ráútà, yálà ó gba orí afẹ́fẹ́ wá bá síìmù tàbí ó gba inú wáyà fáíbà. Ọ̀nà kejì wà láàárín ráútà àti fóònù, òun la sì ń pè ní Wi-Fi. Ọ̀nà kejì yìí, ọwọ́ onílé ni àtúnṣe rẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí a bá ń bínú sí ilé-iṣẹ́ dátà, ọ̀nà kejì yìí gan-an ló nílò ìtọ́jú.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé mi ń fà. Báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tó ti wá?

Ẹ mú fóònù kan dúró ní nǹkan bíi mítà 2 sí ráútà, kí ohunkóhun má dí i, kí ẹ sì dán iyára rẹ̀ wò lórí fast.com tàbí speedtest.net. Ẹ kọ iye tí ẹ rí sílẹ̀. Ẹ wá lọ sí yàrá tó ń yọ yín lẹ́nu, kí ẹ tún un dán wò. Bí ẹ bá rí 30 Mbps (mégábíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) lẹ́bàá ráútà, tí ẹ wá rí 3 nínú yàrá, Wi-Fi ló ń dà yín láàmú. Bí ó bá jẹ́ 3 ní ibi méjèèjì, ọ̀nà tó ti òde wọlé ni kí ẹ lọ wò. Ẹ má dán an wò ní ìgbà mẹ́wàá o, nítorí pé ìdánwò kan ṣoṣo lè jẹ 100 MB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá yára.

Bí ráútà yín bá ń lo síìmù 4G, ẹ wá RSRP (iye tó ń sọ bí agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì síìmù ṣe tó) lórí ojú ewé rẹ̀. Bí iye náà bá ṣe súnmọ́ òdo tó ni ó ṣe dára tó: -80 dBm dára gan-an, -100 ṣeé bá yí, -110 sísàlẹ̀ kò lè gbé fídíò dáadáa. Ẹ gbé ráútà lọ sẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí ibi tí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, kí ẹ sì máa wo iye náà bí ẹ ṣe ń gbé e káàkiri. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan ní ibì kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó dájọ́.

Ohun kan tún máa ń da àwọn ènìyàn rú: 8 Mbps kì í ṣe 8 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 1 MB péré ni, nítorí Mbps ń ka bíìtì, MB ń ka báìtì, bíìtì 8 ló sì wà nínú báìtì 1. Ẹni tó ra 20 Mbps tó sì rí i pé fáìlì ń wọlé ní 2.5 MB, ohun tó sanwó fún ló rí gbà yẹn.

Báwo ni mo ṣe máa wọ inú ráútà láti ṣètò rẹ̀?

Ẹ so fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mọ́ Wi-Fi ráútà náà, tàbí kí ẹ fi wáyà LAN so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Bí fóònù lẹ bá ń lò, ẹ pa dátà síìmù rẹ̀ ná. Ìdí ni pé bí Wi-Fi kò bá tíì ní íntánẹ́ẹ̀tì, fóònù lè sá lọ sórí dátà tirẹ̀, ojú ewé ráútà kò sì ní ṣí.

Ẹ yí ráútà dojúdé. Lórí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ ni ẹ ó ti rí àdírẹ́sì, orúkọ ìwọlé àti pásíwọ́ọ̀dù. Àdírẹ́sì náà sábà máa ń jẹ́ 192.168.1.1 tàbí 192.168.0.1. Ọ̀pọ̀ ráútà Huawei tó ń lo síìmù máa ń jẹ́ 192.168.8.1. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síbi tí wọ́n ń tẹ àdírẹ́sì sí lókè, kì í ṣe inú àpótí ìwádìí Google. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ojú ewé náà kò ní ààbò, ẹ má bẹ̀rù, inú ilé yín lẹ wà. Ẹ tẹ̀síwájú.

Bí bébà ìdí ráútà bá ti parẹ́: lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ ipconfig, kí ẹ wo iye tó wà níwájú Default Gateway. Lórí iPhone, ẹ wọ Settings, lẹ́yìn náà Wi-Fi, ẹ tẹ àmì i tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ ó rí Router.

Kí ló dé tí pásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi mi kò gbé mi wọ inú ráútà?

Méjì ni wọ́n. Èkíní ni èyí tí àlejò máa ń béèrè kó lè lo íntánẹ́ẹ̀tì. Èkejì ni ti alábòójútó, òun ló ń ṣí ojú ewé ètò. Èkejì yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ yí padà, nítorí ọ̀pọ̀ ráútà ló ṣì ń lo "admin" àti "admin". Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ Wi-Fi yín lè fi ìyẹn wọ ráútà, kó yí gbogbo nǹkan padà, kó sì ti onílé síta. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ tọ́jú ìwé náà síbi tí ẹ ń tọ́jú ìwé ilé sí.

Ààbò wo ni kí n yàn: WEP, WPA, WPA2 tàbí WPA3?

Oríṣi ààbò Wi-Fi ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, WPA3 ló tuntun jù. Bí ráútà bá ní "WPA2/WPA3" papọ̀, òun ni kí ẹ mú. Bí kò bá sí, ẹ mú WPA2-PSK pẹ̀lú AES (ọ̀nà tí ráútà fi ń sọ dátà di àṣírí). Ẹ má mú TKIP, tó jẹ́ ọ̀nà àtijọ́, ẹ má sì mú èyí tó pa TKIP pọ̀ mọ́ AES àfi bí ẹ bá ní ẹ̀rọ àtijọ́ tí kò lè ṣe láìsí i. Yàtọ̀ sí pé TKIP kò lágbára mọ́, ó tún máa ń dín iyára kù sí 54 Mbps péré, nítorí pé ìlànà Wi-Fi 802.11n àti àwọn tó tẹ̀lé e kò gbà á láyè láti sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ti rí ráútà tuntun tó ń rìn bí ìgbín nítorí bọ́tìnnì kan ṣoṣo yìí.

WEP ti di ohun àkísà láti ọdún 2001. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi ń já a.

Bí ẹ bá yan WPA3 nìkan, tí fóònù bàbá àgbà tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá kọ̀ láti wọlé, ẹ̀rọ náà ló ti dàgbà jù. Ẹ padà sí èyí tó pa méjèèjì pọ̀.

Báwo ni pásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi ṣe yẹ kó gùn tó?

Ìlànà gba lẹ́tà 8 sí 63. Ẹ má ṣe dúró lórí 8, ẹ jẹ́ kó tó 14 sókè. Nọ́ńbà fóònù ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò, ó sì burú: bí ẹnì kan bá ti mọ̀ pé 0803 ló bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà 7 péré ló kù, ìyẹn mílíọ̀nù 10, kọ̀ǹpútà tó dára sì lè dán gbogbo wọn wò láàárín àkókò kúkúrú. Ẹ to ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́rin tí kò bára tan pọ̀ láìsí àmì ohùn, kí ẹ fi nọ́ńbà sáàárín, bíi agbon-ireke-47-ojo-sibi. Gbogbo ará ilé á rántí rẹ̀, àjèjì kò sì ní lè ro ó. Ẹ ṣe tiyín, ẹ má lo èyí tí a kọ yìí.

Ṣé mo lè fi orúkọ Yorùbá tó ní àmì ohùn sórí Wi-Fi mi?

Ó ṣeé ṣe lórí àwọn ráútà kan, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Báìtì 32 ni àyè tí wọ́n fún orúkọ, kì í ṣe lẹ́tà 32. Lẹ́tà tí kò ní àmì ń gba báìtì 1, "ù" ń gba 2, "Ẹ" ń gba 3, àmì orí rẹ̀ tún ń gba 2. Nítorí náà, "Ẹ̀bùn Olúwa" tó dà bí àmì 10 lójú ti gba báìtì 16. Orúkọ gígùn á tètè kún, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàbí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ á sì máa fi àmì ìbéèrè dípò lẹ́tà. Inú wa ì bá dùn kó má rí bẹ́ẹ̀. Fún báyìí, ẹ kọ ọ́ láìsí àmì: EbunOluwa.

Ẹ má fi nọ́ńbà yàrá tàbí nọ́ńbà fóònù yín sínú orúkọ náà.

2.4 GHz àti 5 GHz: èwo ni kí n lò?

Ìgbì méjì tí Wi-Fi máa ń gbà rìn nìyẹn. Ẹ lo méjèèjì, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ní iṣẹ́ tirẹ̀. 2.4 GHz máa ń rìn jìnnà, ó sì máa ń la ògiri búlọ́ọ̀kù kọjá dáadáa, ṣùgbọ́n kò yára púpọ̀, ọ̀nà rẹ̀ sì kún. Orí rẹ̀ ni Bluetooth wà, ibẹ̀ náà sì ni máíkírówéèfù ń dà lé nígbà tó bá ń gbé oúnjẹ gbóná. Bí fídíò bá ń dúró ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá fẹ́ gbé ọbẹ̀ gbóná, ẹ ti mọ ohun tó fà á.

5 GHz yára gan-an, ọ̀nà rẹ̀ sì fẹ̀, àmọ́ ògiri méjì lè tó láti pa á. Tẹlifíṣọ̀n tó wà ní pálọ̀ pẹ̀lú ráútà, kọ̀ǹpútà iṣẹ́ àti fóònù tó wà nítòsí, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà lórí 5. Yàrá ẹ̀yìn, ilé ìdáná, kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà lórí 2.4.

Àwọn ráútà kan ń fi orúkọ kan ṣoṣo bo méjèèjì, wọ́n á sì máa yan èyí tó tọ́ fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lè pè é ní Smart Connect tàbí Band Steering. Nínú ilé tó ní ògiri tó nípọn, ìpinnu wa ni pé kí ẹ pa á, kí ẹ fún wọn ní orúkọ méjì, bíi EbunOluwa àti EbunOluwa-5. Ẹ ó máa mọ èyí tí ẹ wà lórí rẹ̀.

Ìkànnì wo ni kí n gbé Wi-Fi sí?

Ìkànnì (Channel) ni àwọn ọ̀nà kéékèèké tí wọ́n pín ìgbì kọ̀ọ̀kan sí. Lórí 2.4 GHz, 1, 6 tàbí 11 nìkan. Àwọn mẹ́ta yìí ni kò wọ ara wọn. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ó bọ́gbọ́n mu láti sá lọ sórí 3 nítorí pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ráútà méjì bá jọ wà lórí 6, wọ́n ń gbọ́ ara wọn, ọ̀kan á dúró kí èkejì sọ̀rọ̀ tán, bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe nínú ìpàdé. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lórí 3 kò gbọ́ ohun tí ẹni orí 6 ń sọ. Ariwo ọjà lásán ló ń gbọ́, àwọn méjèèjì á sì máa sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní àsọtúnsọ títí yóò fi wọlé.

Ẹ fi áàpù WiFi Analyzer sórí fóònù Android, kí ẹ dúró níbi tí ẹ ti ń lo íntánẹ́ẹ̀tì jù. Yóò fi ráútà àwọn aládùúgbò hàn yín àti bí agbára wọn ṣe tó. Nínú 1, 6 àti 11, ẹ mú èyí tí àwọn tó wà lórí rẹ̀ kò lágbára púpọ̀. Fún tiyín, -50 dBm lágbára, -67 tó fún ìpè fídíò, -80 kò ní gbádùn.

Ẹ wo Channel Width (bí ìkànnì ṣe fẹ̀ tó) pẹ̀lú. Lórí 2.4, ẹ fi sí 20 MHz. Nínú ọgbà tí ilé mẹ́jọ ti ní ráútà, ẹni tó fi tirẹ̀ sí 40 ti gba nǹkan bí ìdajì ọ̀nà mọ́ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́, òun náà kò sì ní jèrè rẹ̀. Lórí 5 GHz, 80 MHz dára, ìkànnì 36 sí 48 sì ni kò ní wàhálà. Láti 52 dé 144, àwọn ẹ̀rọ rédà wà níbẹ̀. Òfin sọ pé kí ráútà kọ́kọ́ tẹ́tí fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, kó sì kúrò bí ó bá gbọ́ rédà. Ìyẹn ló máa ń mú kí 5 GHz pòórá lójijì ní àwọn ibì kan, kó sì padà wá fúnra rẹ̀.

Níbo ni kí n gbé ráútà sí?

Sáàárín ilé, sókè, ní gbangba. Gíga tó tó èjìká ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló dára jù. Ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ má sì tì í sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n nítorí ẹwà. Àwọn ohun tó ń pa Wi-Fi nínú ilé wa pọ̀: ilẹ̀kùn irin, fíríìjì, dígí ńlá (fàdákà ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń dá ìgbì padà), táǹkì omi, àti kọnkéré tó ní irin nínú láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kọnkéré yìí ló burú jù nínú gbogbo wọn. Bí ẹ bá fẹ́ kó dé òkè, ẹ gbé ráútà sítòsí àtẹ̀gùn kó lè rí ihò gbà.

Bí ó bá ní áńtẹ́nà, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró ṣánṣán fún ilé tí kò ní òkè. Ìgbì ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ áńtẹ́nà yíká, kì í jáde lórí ṣóńṣó rẹ̀, nítorí náà ẹ má fi ṣóńṣó náà nà sí yàrá tí ẹ fẹ́ kó dé.

Ìṣòro tó wà fún onísíìmù ni pé ẹ̀bá fèrèsé ni 4G ti dára, àárín ilé sì ni Wi-Fi ti dára. Ẹ fún 4G ní ipò àkọ́kọ́: ohun tí kò wọlé, Wi-Fi kò lè pín in.

Kámẹ́rà tàbí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ínfátà sólà mi kò rí Wi-Fi. Kí ni kí n ṣe?

Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ 5 GHz rárá. Ẹ so fóònù yín mọ́ orúkọ 2.4 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ètò náà, ẹ fi ààbò sí WPA2, kí orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù má ní àmì ohùn. Lẹ́yìn tó bá ti wọlé, ẹ lè dá fóònù padà sórí 5.

Dátà mi ń tètè tán. Ṣé aládùúgbò ń lò ó ni?

Ẹ wọ ráútà, ẹ wá Connected Devices tàbí Client List. Ẹ ka àwọn ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, kí ẹ pa Wi-Fi lórí ti ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá kù tí ẹ kò mọ̀, àjèjì ni. Ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí dídí i pẹ̀lú nọ́ńbà MAC rẹ̀ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ), nítorí láti Android 10 àti iOS 14 ni fóònù ti ń lo nọ́ńbà MAC àdàmọ̀dì tó lè yí padà. Ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù padà, gbogbo wọn á já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, ẹ wo kọ̀ǹpútà inú ilé. Windows rí ráútà 4G bíi Wi-Fi tí kò lópin, á sì máa fa àtúnṣe rẹ̀ wọlé ní gìgábáìtì. Ẹ wọ Settings, Network & Internet, ẹ tẹ orúkọ Wi-Fi náà, kí ẹ tan Metered connection (àmì pé dátà náà ní òpin). Ẹ dín fídíò kù sí 480p lórí tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ sì sọ fún fóònù kó má máa fi fọ́tò ránṣẹ́ sókè lórí Wi-Fi yìí.

Fún àlejò, ẹ tan Guest Network. Orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀ yàtọ̀, àlejò kò ní rí kọ̀ǹpútà tàbí kámẹ́rà yín, ẹ sì lè pa á bí wọ́n bá ti lọ.

Ṣé fífi orúkọ Wi-Fi pamọ́ ń dáàbò bò ó?

Rárá. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló ń tú u síta, fóònù yín á sì máa pe orúkọ náà kiri níbikíbi tí ẹ bá dé.

WPS ńkọ́?

WPS ni ètò tó ń so ẹ̀rọ mọ́ Wi-Fi pẹ̀lú bọ́tìnnì tàbí PIN láìtẹ pásíwọ́ọ̀dù. Ẹ pa á. Nọ́ńbà 8 ni PIN rẹ̀, ṣùgbọ́n ráútà ń yẹ̀ ẹ́ wò ní abala méjì, nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn sì jẹ́ ti ìṣirò lásán, nítorí náà ìgbìyànjú 11,000 ti tó láti rí i. Ọdún 2011 ni wọ́n ti tú àṣírí yìí.

Ráútà mi ń kú, ó ń tàn, pàápàá bí wọ́n bá mú iná lọ. Kí ni ojútùú?

Ẹ wo ṣájà rẹ̀ àti ìdí ráútà, kí ohun tí wọ́n kọ sí méjèèjì bára mu. Bí ráútà bá ń fẹ́ 12V 1A, fólítì gbọ́dọ̀ jẹ́ 12 géérégé. Ámpù lè jù 1 lọ, kò gbọdọ̀ dín. Ṣájà 9V tó wọ ihò náà dáadáa ló ń mú kí ráútà tàn, kó sì kú nígbà tí ènìyàn mẹ́ta bá wọlé. Ẹ tún wo àwòrán kékeré tó ń fi àárín àti ẹ̀gbẹ́ ẹnu ṣájà hàn, kí àmì + wà níbì kan náà lórí méjèèjì.

Fún ìgbà tí iná bá lọ, UPS kékeré oní-12V (bátìrì tó ń gbé ráútà ró) dára ju pé kí ẹ dúró de ínfátà. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: bátìrì 8,800 mAh lórí 3.7V jẹ́ nǹkan bíi 32 Wh. Ráútà tó ń jẹ wáàtì 7 á lò ó fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ohun tó ń ṣòfò. Bí ẹ bá ń lo fáíbà, ẹ rántí pé àpótí kékeré tí wáyà fáíbà wọ̀ náà ń fẹ́ iná. Bí òun bá kú, Wi-Fi á wà, íntánẹ́ẹ̀tì kò ní sí.

Wi-Fi kò dé yàrá ẹ̀yìn. Ṣé kí n ra ẹ̀rọ tó ń gbé e sókè?

Èyí tó ń gba Wi-Fi tó sì ń tún un sọ lórí ìgbì kan náà máa ń gé iyára sí nǹkan bí ìdajì, nítorí ó ń gbọ́, ó tún ń sọ. Bí ẹ bá ní ráútà àtijọ́ nílé, ẹ gbé e sí yàrá ẹ̀yìn, kí ẹ fi wáyà so ó mọ́ àkọ́kọ́, ìyẹn ló sàn jù. Ẹ ra Cat5e tí inú rẹ̀ jẹ́ bàbà pọ́ńbélé, kì í ṣe alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò. Ó lè rìn tó 100 mítà.

Ẹ kọ́kọ́ so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà kejì nìkan. Bí ó bá ní Access Point Mode, ẹ mú un, ó ti parí. Bí kò bá ní, ẹ yí àdírẹ́sì LAN rẹ̀ sí 192.168.1.2 (bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 192.168.1.1), ẹ pa DHCP (ohun tó ń pín àdírẹ́sì fún àwọn ẹ̀rọ), ẹ fún un ní orúkọ, pásíwọ́ọ̀dù àti ààbò kan náà, ṣùgbọ́n ìkànnì tó yàtọ̀, bíi 1 fún ọ̀kan, 11 fún èkejì. Ẹ wá so wáyà láti LAN ti àkọ́kọ́ sí LAN ti èkejì. Ihò WAN (ti íntánẹ́ẹ̀tì òde) ti èkejì á ṣófo.

DHCP yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé. Bí ẹ kò bá pa á, ráútà méjì á máa pín àdírẹ́sì nínú ilé kan, àwọn fóònù kan á rí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan kò ní rí i, ó sì máa ń yí padà lójoojúmọ́ débi pé ẹni tó wá tún un ṣe kò ní mọ ibi tí yóò ti mú un.

Fóònù kọ ọ́ pé mo ti wọlé ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì kò sí.

Ẹ wo àdírẹ́sì IP fóònù tàbí kọ̀ǹpútà náà. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ráútà kò fún un ní àdírẹ́sì: ẹ pa ráútà, ẹ ka 30, ẹ tàn án. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, Wi-Fi yín pé, ọ̀nà òde ni kò sí. Ẹ yẹ dátà inú síìmù wò, ẹ wo bóyá APN (orúkọ ọ̀nà dátà ilé-iṣẹ́ síìmù) tọ́, tàbí kí ẹ wo bóyá iná pupa wà lára àpótí fáíbà.

Mo ti gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù ráútà pátápátá.

Ẹ fi abẹ́rẹ́ tàbí píìnì tẹ ihò Reset fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 10 nígbà tí iná wà lára rẹ̀, títí gbogbo iná rẹ̀ á fi ṣẹ́jú. Yóò padà sí ohun tó wà lára bébà ìdí rẹ̀. Ẹni tó ń lo fáíbà, ẹ dúró ná: Reset lè pa orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù PPPoE (èyí tí ráútà fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì) tí ilé-iṣẹ́ kọ sínú rẹ̀ rẹ́. Ẹ pè wọ́n, ẹ gba méjèèjì sílẹ̀ kí ẹ tó fi abẹ́rẹ́ kàn án.

Ṣé ó pọn dandan kí n máa ṣe àtúnṣe Firmware?

Bẹ́ẹ̀ ni. Firmware ni ètò inú ráútà tó ń mú un ṣiṣẹ́. Ẹ máa wò ó ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dí ihò ààbò. Ẹ fi wáyà ṣe é, kí ẹ sì ṣe é nígbà tí ráútà wà lórí UPS tàbí ínfátà. Bí iná bá lọ láàárín rẹ̀, ráútà lè má jí mọ́. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án títí ojú ewé ìwọlé á fi padà, kódà bó dà bíi pé kò ṣe nǹkan kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún.